Ta Ló Bèèrè Gríma? Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Ikú Ìránṣẹ́ Ọ̀dájú Kan nínú Fíìmù

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà níjokòó, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o, iṣẹ́ ò ní pa yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ kún gbọ̀ngàn yìí dé ẹnu ọ̀nà, tẹ́ ẹ ò tiẹ̀ rí àga jókòó lé, ẹ kú ìdúró. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Mo ti wẹ ọwọ́ mi, mo sì tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó jù mí lọ kí n tó la ẹnu.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ikú ẹni ibi inú fíìmù máa ń ṣe sí àwa tá a jókòó tá à ń wò ó. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Kí ló dé tí ikú ẹni tí kò gbé ayé rí fi ń mú àgbàlagbà bínú? Kí ló dé tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fi lè fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú torí pé wọn ò rí òkú oṣó kan? Ó ṣẹlẹ̀ o. Ọdún 2003 ló ṣẹlẹ̀, lórí fíìmù The Lord of the Rings: The Return of the King. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a dúró sí lónìí.

Ṣùgbọ́n oṣó yẹn kọ́ ló gbé mi wá. Ìránṣẹ́ rẹ̀ ni. Gríma ni mo wá sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ta ni Gríma?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wò ó, ẹ ṣe sùúrù fún àwọn tí kò tíì wò ó. Fíìmù mẹ́ta ni. Peter Jackson, ọmọ New Zealand, ló darí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta; inú ìwé tí ọ̀jọ̀gbọ́n J.R.R. Tolkien kọ ní Ìlú Ọba ni wọ́n ti fà wọ́n yọ. Ìkíní jáde ní 2001, ìkejì ní 2002, ìkẹta ní oṣù Kejìlá 2003. Ìkẹta yẹn gba ẹ̀bùn Oscar 11 ní 2004, kò sì sí èyí tí wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún tí kò gbà.

Olórí ibi inú ìtàn náà ni Sauron. Sauron ò ní ara tí a lè dì mú, ojú iná lórí ilé gogoro la máa ń rí. Lábẹ́ rẹ̀ ni Saruman wà, oṣó aláṣọ funfun tó dalẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ń gbé inú ilé gogoro dúdú kan tí wọ́n ń pè ní Orthanc. Lábẹ́ Saruman ni Gríma wà, ẹni tí wọ́n ń fi Wormtongue bú. Ẹ wo bó ṣe rẹlẹ̀ tó: ìránṣẹ́ ìránṣẹ́ ni.

Iṣẹ́ tí Saruman rán an ni pé kó jókòó ti Théoden, ọba Rohan, kó máa sọ ọ̀rọ̀ májèlé sí i létí. Ọba ń gbẹ lórí ìtẹ́, irun rẹ̀ funfun gbòò, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Ohun tí Gríma bá ti sọ, òun ni ọba ń fi ẹnu gbígbẹ tún sọ. Wọ́n lé Éomer, ọmọ àbúrò ọba, kúrò nílùú. Ọmọ bíbí inú ọba ń kú lórí ibùsùn, Gríma ń yọ́ kẹ́lẹ́ tẹ̀ lé Éowyn, àbúrò Éomer, nítorí ọmọbìnrin yẹn ni wọ́n ṣèlérí fún un bí iṣẹ́ bá parí. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Brad Dourif ló ṣe Gríma. Ó fá irun òkè ojú rẹ̀ kanlẹ̀ nítorí ipa yìí, bó ṣe jẹ́ pé tó bá ń wò yín, ẹ ò ní mọ̀ bóyá inú rẹ̀ ń dùn ni àbí ó ń bà jẹ́, ẹ ó kàn rí ojú funfun méjì nínú awọ tó rọ. Mo ti wo ọ̀pọ̀ òṣèré tó ń ṣe ọ̀dájú. Ìwọ̀nba ló mọ bí ènìyàn ṣe ń ṣe ojo.

Bẹ́ẹ̀ ni, ojo ni Gríma. Àwọn àgbà wa ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Wọ́n rán Gríma níṣẹ́ ẹrú, ó sì jẹ́ ẹ bí ẹrú gan-an. Nígbà tí Gandalf, oṣó rere inú ìtàn náà, wá gba ọba sílẹ̀, Théoden sọ Gríma sórí àtẹ̀gùn níta, ó yọ idà, ó gbé e sókè láti bẹ́ ẹ lórí. Aragorn, akọni tó bá Gandalf wá, ló di ọwọ́ ọba mú. Ó tún na ọwọ́ sí Gríma kó lè gbé e dìde. Kí ni Gríma ṣe? Ó tutọ́ sí ọwọ́ náà, ó sá lọ bá Saruman.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un, nítorí mo máa padà síbẹ̀. Gríma dé Orthanc, ó ń sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé kò sí ọmọ ogun tó lè pọ̀ tó láti wó odi Rohan. Saruman mú un jáde síta lókè. Ọmọ ogun ẹgbẹẹgbàárùn-ún tò sílẹ̀, wọ́n ń fi ọ̀kọ̀ lu ilẹ̀. Gríma wò wọ́n. Kámẹ́rà sún mọ́ ojú rẹ̀. Omijé kan já bọ́ lójú rẹ̀, ó ń ṣàn bọ̀ wálẹ̀ lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ètè rẹ̀ ò mì. Ta ni ó ń sunkún fún? Ṣé ẹ̀rù ló bà á, ṣé àbámọ̀ ni, àbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé àwọn ènìyàn òun ni wọ́n ń lọ pa? Láti 2002 títí di òní olónìí, àwọn olólùfẹ́ fíìmù yẹn ò tíì fẹnu kò lórí omijé yẹn.

Ìṣẹ́jú méje

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ti ya ikú Saruman àti Gríma sílẹ̀ tipẹ́. Fíìmù kejì ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fi sí, àyè ò gbà á, wọ́n sún un sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹta. Nígbà tí ìkẹta fẹ́ jáde, wọ́n gé e kúrò. Bí ìṣẹ́jú méje ni. Jackson ṣàlàyé pé fíìmù náà ti gùn jù, àti pé ìran yẹn ń jọ ìparí fíìmù ọdún tó kọjá, nígbà tó jẹ́ pé ohun tuntun ni àwọn ènìyàn wá wò. Mi ò ní sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò nítumọ̀. Pẹ̀lú gbogbo ohun tó gé, fíìmù náà ṣì lé ní wákàtí mẹ́ta, àwọn kan sì ń ráhùn pé àwọn ò lè jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Kí ni wọ́n wá fi rọ́pò rẹ̀? Ọ̀rọ̀ ẹnu. Àwọn akọni dé ìdí Orthanc, Gandalf ní Saruman ò ní agbára mọ́, kí wọ́n fi í sílẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Pippin, ọ̀kan nínú àwọn hobbit, àwọn ènìyàn kúkúrú inú ìtàn náà, rí òkúta dúdú tí Saruman fi ń bá Sauron sọ̀rọ̀ nínú omi, ó mú un. Ó tán. Wọ́n kọjá.

Saruman tó ti ń ṣe wá ní ibi fún fíìmù méjì gbáko! Oṣó tó run igbó, tó rán ọmọ ogun sí obìnrin àtọmọdé! Àwọn òǹwòran jókòó, wọ́n ń retí rẹ̀, wọ́n retí rẹ̀ títí iná fi tàn nínú ilé sinimá. Kò yọjú.

Ìròyìn ò tó àfojúbà. Mo fẹ́ kí ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí dání. Àwọn tí wọ́n bínú nígbà yẹn, àwọn kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fẹ́ rí, pé bí ọmọdé ni wọ́n ṣe ń ṣe. Mi ò gbà. Ẹni tó ti wo eré ní ilẹ̀ wa láyé àwọn Ògúǹdé àti Dúró Ládiípọ̀ mọ ohun tí mò ń sọ: òǹwòran kì í dákẹ́. Láti orí ìjókòó ló ti ń dá òṣèré lóhùn, ó ń kìlọ̀ fún ẹni rere, ó ń ṣépè fún ìkà. Ẹni tó bá ti bá ẹ gbé ẹ̀rù ìkà láti ìbẹ̀rẹ̀, o jẹ ẹ́ ní gbèsè. O gbọ́dọ̀ jẹ́ kó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú ìkà náà. O ò lè ní kó lọ sílé, pé wọ́n ti mú un lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ bínú jù ni òṣèré tó ṣe Saruman fúnra rẹ̀, Christopher Lee. Ẹni ọdún 81 ni nígbà náà. Ó fẹ́ràn ìwé Tolkien débi pé ọdọọdún ló ń kà á, ó sì ti fojú kan Tolkien rí. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ti gé òun kúrò pátápátá, ó dùn ún wọra, kò sì lọ síbi ayẹyẹ ìṣíde fíìmù náà. Àwọn olólùfẹ́ gbọ́, ara wọn gbóná. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀hónú sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọwọ́ sí i, pé kí wọ́n dá Saruman padà.

Ìtàn kan wà nípa Lee tí Jackson fẹnu ara rẹ̀ sọ, mi ò lè fò ó. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ya ibi tí Gríma ti gún Saruman lẹ́yìn, Jackson ń júwe fún bàbá yìí bó ṣe yẹ kó pariwo. Bàbá bi í pé, ṣé o mọ irú ohùn tó máa ń jáde lẹ́nu ẹni tí wọ́n bá gún lẹ́yìn? Nítorí èmi mọ̀ ọ́n. Lee ti bá àwọn ológun òfurufú Ìlú Ọba ṣiṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó ṣàlàyé pé ẹni náà kì í pariwo, èémí ló máa ń tú jáde lára rẹ̀. Ẹ lọ wò ó: bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe é. Kò sí igbe. Ẹnu là, èémí jáde.

Nígbà tí wọ́n dá a padà

Ní oṣù Kejìlá 2004, ẹ̀dà gígùn jáde lórí DVD, ó lé ní wákàtí mẹ́rin, ìṣẹ́jú méje yẹn sì wà nínú rẹ̀. Inú ọ̀pọ̀ dùn. Inú àwọn kan ò dùn rárá, àwọn tó mọ ìwé Tolkien dénú, nítorí nínú ìwé, orí Orthanc kọ́ ni wọ́n kú sí. Ẹnu ọ̀nà ilé Frodo, hobbit tó jẹ́ akọni ìtàn náà, ni, lábúlé àwọn hobbit, lẹ́yìn tí ogun ti parí pátápátá. Fíìmù ti yọ gbogbo apá yẹn kúrò. Wọ́n ní Jackson gba ikú lọ́wọ́ ìwé, ó lọ fi í sí ibi tí kò yẹ. Lee ní tirẹ̀ bá Jackson rẹ́ nígbà tó yá. Ó tún ṣe Saruman fún un nínú àwọn fíìmù Hobbit, ní 2012 àti 2014, kó tó jáde láyé ní 2015.

Kí wá ló wà nínú ìṣẹ́jú méje náà? Saruman dúró lókè Orthanc, ó ń bú gbogbo àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ó ju iná sí Gandalf, iná ò ràn án. Gandalf fọ́ ọ̀pá rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni ẹnì kan wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tó bẹ̀rù láti yọjú.

Théoden rí i. Ọba pè é lórúkọ. Ó ní kò pọn dandan kó máa tẹ̀ lé ẹni yìí, pé bó ṣe wà yìí kọ́ ló wà tẹ́lẹ̀, pé ọmọ Rohan ni. Ó ní kó sọ̀kalẹ̀ wá. Saruman bú Rohan, ó bú ọba, ó ní ọba ò tó àwọn baba ńlá rẹ̀. Ọba ò dá a lóhùn. Gríma ló tún ń pè: sọ̀kalẹ̀, gba ara rẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Saruman ní kò lè gbà á láéláé. Gríma ní rárá, ohùn wẹ́rẹ́. Saruman yíjú padà, ó gbá a létí, Gríma ṣubú lulẹ̀.

Gandalf ní kí Saruman sọ ohun tó mọ̀ nípa ète ọ̀tá. Saruman fẹ́ dúnàá-dúrà. Gríma dìde lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ, ó gún un, ó tún un gún. Legolas, tafàtafà tó wà lára àwọn akọni náà, ta ọfà, ó bá Gríma, ó kú. Saruman já bọ́ láti òkè Orthanc, ó ṣubú sórí kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ ńlá kan tó ní irin ṣóńṣó, kẹ̀kẹ́ náà ń yí, ó ń gbé e lọ sínú omi. Òkúta dúdú bọ́ láti inú apá aṣọ rẹ̀.

Kí ni ẹ ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ nípa ìran yìí? Kẹ̀kẹ́! Gbogbo ẹnu, kẹ̀kẹ́ ni. Bí oṣó ṣe já, bí irin ṣe gún un. Ó yé mi, òkú ńlá ni, ojú ò lè fò ó. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, òkú kejì ń bẹ lókè.

Òkú tó wà lókè

Ìdí tí mo fi sọ pé mo máa padà síbi omijé nìyí.

Nínú ìwé, ẹni tó sọ fún Gríma pé kó má tẹ̀ lé Saruman mọ́ ni Frodo. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ni, ṣùgbọ́n Frodo fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò mọ ibi kankan tí Gríma ṣe sí òun. Ó rọrùn láti dárí ji ẹni tí kò ṣẹ̀ ọ́. Nínú fíìmù, Théoden ni. Théoden! Ẹni tí Gríma sọ di òkú alààyè lórí ìtẹ́. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú nígbà tí Gríma ń ṣàkóso ilé rẹ̀. Ẹni tó gbé idà sókè láti bẹ́ ẹ lórí ní fíìmù kejì. Òun ló dúró sísàlẹ̀, tó ń pe Gríma bí bàbá ṣe ń pe ọmọ tó gun orí òrùlé. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Mo mọ̀ pé àwọn tó fẹ́ràn ìwé á bá mi jà, mo sì bọ̀wọ̀ fún Tolkien gidigidi, ṣùgbọ́n lórí èyí, fíìmù ju ìwé lọ.

Ẹ wá wo ohun tí gígé yẹn ṣe. Nínú ẹ̀dà tí gbogbo ayé wò ní ilé sinimá, ohun tó kẹ́yìn láàárín Théoden àti Gríma ni idà tó wà lókè orí. Théoden fúnra rẹ̀ kú sójú ogun nínú fíìmù ìkẹta yìí kan náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sunkún fún un láìmọ̀ pé ọba náà ti dárí ji ọ̀tá rẹ̀ tó burú jù. Wọn ò rí i. Wọ́n gé e! Gbogbo ariwo ń lọ lórí Saruman, ìwé ẹ̀hónú ń pe Saruman, ìwé ìròyìn ń pe Christopher Lee. Ta ló bèèrè Gríma? Ta ló béèrè àánú ọba?

Omijé ọdún 2002 yẹn náà, inú ìṣẹ́jú méje yìí ni ìdáhùn rẹ̀ wà. Ẹni tó sunkún nígbà tó rí ọmọ ogun tó ń lọ sí Rohan, Rohan ṣì kù nínú rẹ̀. Nígbà tí ọba ní ọmọ Rohan ni ọ́, kò purọ́, kò sì pọ́n ọn. Ẹ wo ojú Dourif nígbà tí wọ́n ń pè é. Ojú rẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀, ó ń bọ̀ sára ọ̀gá, ó tún ń lọ sísàlẹ̀. Ó fẹ́ lọ. Mo ní ó fẹ́ lọ! Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbé. Ìgbájú yẹn ló dá a dúró.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bá àwọn tó ń sọ pé ikú Gríma tẹ́ àwọn lọ́rùn jiyàn. Wọ́n ní ìkà á ka oníkà. Òótọ́ ni, ó ka Saruman. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún, tó ti gbé ẹsẹ̀ kan síta, ṣé ikú tirẹ̀ lè dùn mọ́ wa nínú bí ti ọ̀gá rẹ̀? Mo mọ àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ níbẹ̀. Mi ò bínú sí wọn. N ò kàn lè bá wọn pàtẹ́wọ́ ni.

Ọfà

Ó ku ọfà Legolas. Èyí ni àwọn olólùfẹ́ ń bá ara wọn jà lé lórí jù, ó sì yẹ kí wọ́n jà.

Apá kan ní Legolas ò ní ọ̀nà mìíràn. Saruman mọ ohun tí ọ̀tá fẹ́ ṣe, Gandalf ń bi í lọ́wọ́, ẹnì kan sì ń fi ọ̀bẹ pa á lójú wọn. Ẹni tó bá ní ọfà lọ́wọ́ á ta á. Apá kejì ní ọba ti dárí jì í, ọba sì wà níbẹ̀, kò sọ pé kí wọ́n ta á. Àlejò lásán ni Legolas lórí ọ̀rọ̀ ọba àti ọmọ Rohan. Bákan náà ló rí nínú ìwé: ọfà àwọn hobbit ló pa Gríma kí Frodo tó lè sọ ọ̀rọ̀ kan. Àánú wà lẹ́nu ẹni tó ní ẹjọ́, ọfà ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tí kò ní i.

Mo ti gbọ́ ẹni tó ní ìyẹn ò já mọ́ nǹkan, pé ìránṣẹ́ ọ̀dájú ni, pé fíìmù gbọ́dọ̀ kọjá sí ohun tó kàn. Fíìmù lè kọjá. Èmi ò tíì lè kọjá. Lójú tèmi, ọfà yẹn yára jù. Ó gbé ọ̀bẹ, bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ẹni tó ń jẹ ẹ́ níyà ló gbé e sí, ó sì ti parí iṣẹ́ náà kí ọfà tó dé. Ọfà náà ò gba Saruman là. Gríma nìkan ló já gbà mọ́ Théoden lọ́wọ́.

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Alága, mo dúpẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn tó wà ní ẹ̀yìn lápá òsì yẹn ò gbà pẹ̀lú mi lórí Legolas, mo ti ń rí ọwọ́ wọn lókè látìgbà tí mo ti dárúkọ ọfà. Ẹ gbé gbohùngbohùn lọ bá wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ tiwọn.